Ohun Tí Ọ̀wọ́n Epo Fojú Mi Rí Nídìí Ẹja Yìnyín

Ẹja yìnyín ni mò ń tà ní Lafenwa, l'Abẹ́òkúta. Títù, kọ́tẹ̀, pánla, ṣáwá, èyí tí apá bá ká. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé òtútù ló di owó ẹja mú. Bí yìnyín bá ti yọ́ lára rẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á ní ẹgbẹ̀rún méjì yóò na ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin sí ọ, wàá sì gbà, torí tó bá fi máa dalẹ́, kò ní tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mọ́. Iná kì í dúró ládùúgbò wa, bẹntiróòlù ló ń bá mi tọ́jú ọjà. Ẹ̀yin tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé òwò yín ró ni mo tìtorí yín kọ èyí: aránṣọ, onígerun, ẹni tó ń lọ ata, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ẹlẹ́ja. Owó tí mo ti san lórí ẹ̀kọ́ yìí tó, kò yẹ kí ẹlòmíràn tún un san.

Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ epo. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012, nígbà tí ìjọba Goodluck Jonathan gbé lítà kan láti náírà 65 sí 141 lọ́jọ́ ọdún tuntun gan-an, mo wà lára àwọn tó ti ìsọ̀ pa. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí 97, a jó. Èrò mi nígbà náà ni pé abẹ́ ilẹ̀ wa ni epo ti ń jáde, ìjọba ló yẹ kó dá iye lé e, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Kẹrosíìnì ló kọ́kọ́ mì mí lórí èrò yẹn. Ẹ rántí pé náírà 50 ni ìjọba fi lítà kan sí fún ọ̀pọ̀ ọdún? Sítóòfù ni mo fi ń dáná ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò sì fojú kan kẹrosíìnì oní-50 rí, yálà ní Pánṣẹ́kẹ̀, ní Kútọ̀, tàbí níbí. Ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta là ń rà á. Ẹnì kan ń jẹ èrè tó wà láàárín, èmi tí mò ń fẹ́ èéfín sítóòfù kọ́.

Bẹntiróòlù náà tẹ̀ lé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó, tí náírà bébà di ohun tí à ń ra lówó, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà epo kò tó 200. Ẹni tó bá fẹ́ rà á níye yẹn á sùn sórí ìlà mọ́jú, àfàìmọ̀ kí epo má tán kó tó kàn án. Àwọn ọmọ tó ń to kẹ́ẹ̀gì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń ta tiwọn ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́wọ́ wọn ni mo ti rà á, torí ẹja ò mọ̀ pé epo wọ́n. Bí ẹ bá bi mí pé èló ni epo nígbà náà, iye méjì ni màá sọ fún yín: èyí tó wà lára mítà, àti èyí tí mo san.

Mo ní ìbátan kan ní Ìmẹ̀kọ, lápá ẹnubodè. Òun ló là mí lójú sí ibi tí epo olówó pọ́ọ́kú wa ń gbà lọ. Àwọn onífàyàwọ́ a di kẹ́ẹ̀gì mọ́ra wọn lórí ọ̀kadà, wọ́n á gba inú igbó kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin. Lọ́hùn-ún, kpayo ni wọ́n ń pè é, inú ìgò ni wọ́n ti ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn aṣọ́bodè fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ìbátan mi, tí kò ṣe fàyàwọ́ rí, ló wá ń rìnrìn àjò kó tó rí epo fi sínú ọ̀kadà rẹ̀. Àwọn tí wọ́n tìtorí wọn ṣòfin ṣì ń kọjá lọ ní tiwọn. Bí ọjà bá jẹ́ 200 níbí, tó sì jẹ́ ìlọ́po rẹ̀ lódìkejì igbó, ta ló máa jókòó tà á níbí?

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú búra wọlé, ó sì sọ pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo kó má baà wọ́n ti lọ. Èmi ò gbọ́ ọ fúnra mi. Ọmọkùnrin tó ń bá mi gé ẹja ló rí i lórí fóònù. Kó tó di alẹ́, àwọn ilé epo ti ń fa okùn dínà, àwọn tó ṣí sì ti ní ìlà tó dé títì. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, NNPC, iléeṣẹ́ epo ìjọba, gbé iye tuntun jáde: 488 l'Ékòó, tó ti wà ní nǹkan bíi 185 tẹ́lẹ̀. Tiwa níbí lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n ṣe ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e. Àjọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo kó gbogbo rẹ̀ lé epo. Mo to kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 sẹ́yìn fírísà títí kò fi sí àyè ẹsẹ̀, mo ní kí iye rẹ̀ tó tún gun òkè, màá ti rí èyí lò. Oòrùn ọ̀sán Abẹ́òkúta ń wọ páànù ìsọ̀ mi. Kẹ́ẹ̀gì wú bí ikùn aboyún, ọmọrí rẹ̀ ń jò èéfín díẹ̀díẹ̀. Èmi tí mo wà níbẹ̀ látàárọ̀ ò gbọ́ òórùn kankan mọ́, imú mi ti bá a mu. Àfi ìgbà tí Ìyá Ìbejì, ẹlẹ́ja tó tẹ̀ lé ìsọ̀ mi, ní kí n wá. Oníbàárà mi kan ló gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ lódindi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú mi ni kò fẹ́ rí. Obìnrin náà ṣí ìkòkò, ó ní, "Ẹ gbóòórùn ẹ̀, Ìyá ẹlẹ́ja." Ọbẹ̀ ata pupa, títù mẹ́rin nínú rẹ̀, ó ń rùn bí ilé mẹkáníìkì. Òórùn epo ti wọ rọ́bà tó yí ẹnu fírísà ká, ó ti bá a wọnú ẹja.

Mo dá owó padà fún un, mo san owó ata, mo san owó òróró. Ẹja tó kù nínú fírísà yẹn, mi ò lè tà á fún ọmọ ènìyàn. Àwọn tó gbọ́ sì ròyìn rẹ̀ dé Ìta Ọṣìn. Orí ló tilẹ̀ yọ mí, nítorí ẹni tó ń dín àkàrà kò jìnnà sí ibi tí mo to epo sí, igi ló sì fi ń dáná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to epo pa mọ́ sísọ̀ tàbí sínú ilé. Èrè tó wà nínú rẹ̀ kò tó owó ìkòkò ọbẹ̀ kan, ká má tíì sọ ti iná.

Ohun tó tún gbá mi lọ́dún yẹn ni àánú. Mo ní páálí ẹja nílẹ̀ tí mo rà kí epo tó wọ́n. Mo ní, torí Ọlọ́run, iye àná ni màá ta èyí, kí ojú má ti èmi àti àwọn oníbàárà mi. Wọ́n yìn mí, wọ́n gbàdúrà fún mi, ẹja tán wàràwàrà. Nígbà tí mo wá kó owó yẹn lọ sí ilé ẹja, kò ra iye páálí tí mo tà. Ọkọ̀ tó ń gbé ẹja bọ̀ láti Èkó ti fowó kún owó rẹ̀, náírà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í já lára dọ́là láti àárín oṣù Kẹfà. Ẹja tí wọ́n ń gbé wọ̀lú láti òkè òkun sì rèé, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Láti ìgbà náà, iye tí màá fi ra òmíràn ni mò ń fi ṣírò, kì í ṣe iye tí mo fi ra tilẹ̀.

Ìyẹn ló sì pa mí lẹ́nu mọ́ lórí àwọn onílé epo. Mo ti ń ṣépè fún wọn pé epo àná ni wọ́n ń ta ní iye òní. Àṣé bí wọ́n bá tà á níye àná, wọn ò ní lè ra epo mìíràn. Mo gba ìyẹn fún wọn. Ẹ dì í mú o, màá padà síbẹ̀.

Ní oṣù Keje 2023, lítà epo tún di 617 l'Abuja. Lẹ́yìn náà ó dúró síbẹ̀ fún ọdún kan ó lé, nígbà tí dọ́là ń sáré kọjá ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀ náírà. Àwa ọlọ́jà mọ̀ pé nǹkan kan ò ṣe rẹ́gí. Ẹja tí wọ́n fi dọ́là rà ń gòkè, epo tí wọ́n fi dọ́là rà jókòó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án 2024 ni NNPC ṣẹ̀ṣẹ̀ là á sójú táyé pé gbèsè àwọn tó ń gbé epo wá fún wọn ti wọ àwọn lọ́rùn. Ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta, epo di 855 l'Ékòó. Oṣù Kẹwàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n ní ó ti lọ, ó jọ pé ó kàn wọ inú yàrá lọ jókòó ni.

Láàárín ọdún yẹn ni mo kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú òtútù. Mo kọ́kọ́ ra jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I pass my neighbour", torí kì í mu epo. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Ó lè tan gílóòbù àti fáànù, ṣùgbọ́n fírísà ń béèrè agbára ńlá nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Ó kérora, ó gbọ̀n, wáyà inú rẹ̀ jó. Ohun tó gbà mí ni pé kí fírísà kún. Fírísà tó kún dẹ́nu, tí a ò ṣí, lè di òtútù mú dọjọ́ kejì. Èyí tó bá ṣófo dé ìdajì kò ní tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹja mi ò bá kún un, ike omi ni mo ń fi dí àyè tó kù, àwọn yẹn náà á sì dì. Búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni mo ń fi bò ó bí jẹnẹrétọ̀ bá ti kú, màá sì ká a kúrò kí n tó tún tan án, kí ẹ̀yìn fírísà lè mí. Ẹja tí mo fẹ́ tà lọ́jọ́ yẹn, inú kúlà ni mo ń kó o sí láàárọ̀, kí ọwọ́ má baà máa ṣí fírísà lójú ọ̀sán.

Lẹ́yìn náà ni èmi, Ìyá Ìbejì àti ẹlẹ́ja kan tó kọjú sí wa gba láti máa tan jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo, nítorí epo tó ń jó bí fírísà kan bá wà lórí ẹ̀rọ ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti fírísà mẹ́ta. Ìjà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú u ká. Ẹni tí ẹja rẹ̀ bá kéré lóru ọjọ́ kan á ní kí wọ́n dín tòun. A parí rẹ̀ sí pé iye fírísà là ń san lé lórí, ẹja ì báà kún un tàbí kó má kún un. Bí ẹ bá fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ ti owó kí ẹ tó so wáyà.

Ibi àjọlò yìí ni ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ti jáde. Ọmọ tó ń bá mi gé ẹja ló máa ń lọ ra lítà mẹ́wàá wá. Nígbà tó di ìparí ọdún 2024, epo yẹn kì í bá wa dé ibi tó ń bá wa dé tẹ́lẹ̀. Ìyá Ìbejì ní ọmọ náà ń fà á tà lọ́nà. Ọmọ náà sunkún, ó búra, ó ní òun ò ní lọ mọ́. Mo mọ̀ ọ́n, kò jalè. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi gbè é?

Mo wo òṣùwọ̀n ẹja mi. Lítà omi kan, kílò kan ni. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo sórí rẹ̀, mo yí ojú rẹ̀ sí òdo, mo rọ omi sí i títí ó fi di kílò mẹ́wàá géérégé. Mo fi ọ̀bẹ gbígbóná fa ìlà sí ibi tí omi dé, mo da omi nù, mo sá kẹ́ẹ̀gì sóòrùn títí ó fi gbẹ táútáú. Èmi fúnra mi ló gbé e lọ sí ilé epo tí ọmọ náà ti ń rà. Mo ní kí wọ́n dá mítà padà sí òdo, kí wọ́n ta lítà mẹ́wàá. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, torí kò dáa kí a máa rọ epo sí i lórí ọkọ̀. Mítà kà á pé mẹ́wàá. Epo fi bí ìka mẹ́ta rẹlẹ̀ sí ìlà. Mo bá omidan tó ń tà á wí, ó ní kẹ́ẹ̀gì mi ló tóbi. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì kan náà dé ilé epo mìíràn lọ́jọ́ kejì, níbi tí iye wọn fi díẹ̀ wọ́n ju ti àkọ́kọ́. Epo dé orí ìlà, ó tilẹ̀ fi bín-ín-tín kọjá. Ìyá Ìbejì bẹ ọmọ náà, ó fi pánla méjì bẹ̀ ẹ́.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí lítà mẹ́wàá bá jẹ́ 10,000, tó bá jẹ́ mẹ́sàn-án ló wọnú kẹ́ẹ̀gì, 1,111 ni ẹ ra lítà kan, ohun yòówù kí wọ́n kọ sójú pátákó. Ẹ má gbé epo sórí òṣùwọ̀n o. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, lítà rẹ̀ kan kò tó kílò kan, ẹ ó kàn purọ́ mọ́ ẹni ẹlẹ́ni ni. Ìlà ara kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ wò.

Ibi tí mo dúró sí nìyí báyìí tí àwọn ènìyàn bá ń jiyàn bóyá kí ìjọba tún máa dá iye lé epo. Kò sí ìjọba tó wá sọ iye tí màá ta kílò títù. Bí mo bá gbówó lérí jù, ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tèmi ń tà. Ṣùgbọ́n bí òṣùwọ̀n mi bá ń purọ́, oníbàárà ò lè mọ̀, kò sì sí bí yóò ṣe yà sí ìsọ̀ kejì. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti nílò ìjọba. Òfin epo tí wọ́n ń pè ní PIA, ti ọdún 2021, fi iye lé ọjà lọ́wọ́, ó sì dá àjọ NMDPRA sílẹ̀ láti máa mójú tó àwọn tó ń ta epo, òṣùwọ̀n wọn náà wà níbẹ̀. Òfin ọdún 2018 tó wà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà náà sọ pé àwọn ọlọ́jà ò gbọdọ̀ gbìmọ̀ dá iye. Ohun tó wà lábẹ́ òfin tẹ́lẹ̀ ni mò ń béèrè.

Mo ní kí ẹ di nǹkan kan mú. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote tó wà ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iye rẹ̀ kalẹ̀, tó dé 899 àti kọ́bọ̀ ní oṣù Kejìlá 2024, tó sì di 825 kí oṣù Kejì 2025 tó parí, mo retí pé kó hàn l'Abẹ́òkúta. Àwọn onílé epo ní epo àtijọ́ ló wà nílẹ̀ àwọn. Àwọn kan náà tó jẹ́ pé bí iye bá gòkè lálẹ́, nǹkan tó wà nílẹ̀ wọn á ti di tuntun kí ilẹ̀ tó mọ́! Mi ò lè gba méjèèjì fún wọn. Iléeṣẹ́ yẹn sì tún ń kọ mí lóminú ní tirẹ̀. Ó lè fọ àgbá 650,000 lóòjọ́. Mo dúpẹ́ pé ilé la ti ń fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá di ọjà, ìsọ̀ kejì tí oníbàárà lè yà sí dà? Ìjọba tí kò bá fẹ́ dá iye gbọ́dọ̀ rí i pé ìsọ̀ kejì wà.

Ìyá Ìbejì ò gbà. Ó ní kí wọ́n dá a padà sí 200, kí wọ́n rọ àwọn aṣọ́bodè mọ́ igbó Ìmẹ̀kọ. Mo bi í pé níbo ló ti ra kẹrosíìnì oní-50 rí. Ó ní ìyẹn yàtọ̀.

Mo fẹjọ́ ilé epo àkọ́kọ́ yẹn sùn lọ́dọ̀ àjọ NMDPRA. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó wá wo mítà náà. Wọ́n tì í pa, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà. Kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ padà fún wa, nítorí ẹni tó ni ilé epo ní kò sí ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ òun la ti ra epo, mi ò sì rí bébà kankan fi hàn. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gba rìsíìtì, tàbí kí ẹ sanwó láti fóònù kí orúkọ ilé epo lè wà níbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹnu mítà tí wọ́n ti ta epo fún yín, ọjọ́ rẹ̀ àti aago rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà kí omidan yẹn tó tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo.